Omi Ló Pe Gbogbo Wọn sí El Morro

Láàárín ìlú àwọn onílẹ̀ méjì, Acoma àti Zuni, ní ìwọ̀-oòrùn New Mexico lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilẹ̀ gbígbẹ ló pọ̀ jù. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí odò ńlá tó ń ṣàn láti ọdún dé ọdún lójú ọ̀nà. Páìnì kúkúrú àti junípà ló fọ́n káàkiri, ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún wà láàárín wọn. Ní apá ìlà-oòrùn, àpáta dúdú tí òkè oníná pọ̀ jáde nígbà láéláé tẹ́ lọ salalu. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yìí láyé àtijọ́, tàbí tó ń fa ẹṣin lẹ́yìn, ìbéèrè kan ló ń gbé kiri lọ́kàn: ibo lomi wà? Àpáta kan ló máa ń dá a lóhùn. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 200 lójú pápá, ara rẹ̀ ràn rẹ́súrẹ́sú, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní mẹ́sà lágbègbè yẹn. El Morro ni àwọn ará Sípéènì sọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ògiri òkúta ti tẹ̀ wọnú, adágún kan fara pamọ́ síbẹ̀ tí kì í gbẹ bọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ìsun ló ń bọ́ adágún náà. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè ló ń já ṣòòrò wálẹ̀ sínú rẹ̀, yìnyín tó bá sì yọ́ nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ a tún wá kún un. Bó bá kún dáadáa, ó máa ń jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì lè gba nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 200,000. Lójú ẹni tó ń gbé létí odò ńlá, omi yìí kéré. Lójú ẹni tí ìgò omi rẹ̀ ti gbẹ láti òwúrọ̀, tí màlúù tó ń fa ẹrù rẹ̀ ti ń yọ ahọ́n síta, òun ni ìyè.

Òkúta yanrìn ni El Morro. Yanrìn aṣálẹ̀ kan tí afẹ́fẹ́ kó jọ ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 150 ọdún sẹ́yìn ló dì pọ̀ tó di òkúta, òkúta mìíràn tó le jù ú lọ sì dé e lórí, kò jẹ́ kí òjò tètè fọ̀ ọ́ lọ. Ògiri náà rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ṣóńṣó irin fi ń wọ̀ ọ́, síbẹ̀ ó le tó láti di ohun tí a gbẹ́ sí i mú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Nítorí náà, àwọn tó wá mu omi kì í mu ún lọ lásán. Orúkọ, déètì, iṣẹ́ tí wọ́n wá jẹ́, àti àwòrán ẹranko àti ọwọ́ ènìyàn tó wà lára ògiri náà lé ní 2,000.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀ lónìí. Ọ̀kan kúrú, kò ju ìdajì máìlì lọ, ó ń mú ènìyàn gba ẹ̀gbẹ́ adágún kọjá lọ síbi àwọn àkọsílẹ̀. Èkejì tó máìlì méjì. Ó yí òkè náà po, ó gun orí rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń rin ti kúkúrú, wọ́n á ya àwòrán orúkọ, wọ́n á wọ mọ́tò wọn, ó parí. Ó dun òǹkọ̀wé yìí pé bẹ́ẹ̀ ló rí, nítorí ìdajì ìtàn ló wà nísàlẹ̀. Àwọn tó ni ibẹ̀, orí òkè ni wọ́n kọ́lé sí, wọn kò sì kọ orúkọ kankan.

Ní ẹ̀gbẹ́ adágún, ẹni tó bá fojú balẹ̀ yóò rí àwọn ihò kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ léra wọn sára ògiri, tí kò tóbi ju ibi tí ìka ẹsẹ̀ lè dúró sí. Àtẹ̀gùn ni. Ihò wọ̀nyẹn ni àwọn baba ńlá àwọn ará Zuni fi ń gun ògiri náà, kí ojú Sípéènì kankan tó tó ibẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwòrán àgùntàn igbó tí ìwo wọn ká, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Wọ́n mọ ẹsẹ̀ ẹranko náà dáadáa: ó tín-ín-rín, ó ń gbé e lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ láti Yúróòpù tó kọ̀wé nípa ibẹ̀ ni Diego Pérez de Luxán, tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sùn lẹ́bàá omi náà ní oṣù kẹta ọdún 1583. Àkọsílẹ̀ èdè Sípéènì tó lọ́jọ́ lórí jù lára àpáta jẹ́ ti ọdún 1605. Juan de Oñate, gómìnà àkọ́kọ́ tí Sípéènì fi jẹ sórí New Mexico, ló gbẹ́ ẹ pé òun gba ibẹ̀ kọjá ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, nígbà tí òun ń ti etí òkun gúúsù bọ̀. Kò wá ibi tó ṣófo. Àwòrán kan tí àwọn onílẹ̀ ti gbẹ́ síbẹ̀ ṣáájú ló kọ tirẹ̀ lé lórí.

Ó yẹ kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn dúró pẹ́ níwájú orúkọ yìí, torí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wà nínú ìtàn Oñate. Ní ìparí ọdún 1598, àwọn ará Acoma, tí ìlú wọn wà lórí mẹ́sà gíga kan lápá ìlà-oòrùn, pa Juan de Zaldívar, ìbátan Oñate, àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó wá gba oúnjẹ. Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ogun Sípéènì gun òkè Acoma, wọ́n pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, wọ́n sì sun ìlú. Ìdájọ́ tí Oñate dá fún àwọn tí kò kú wà nínú ìwé títí dòní: kí wọ́n gé ẹsẹ̀ kan lára ọkùnrin tó bá ti lé ní ọmọ ọdún 25, kí wọ́n sì mú un sìn fún 20 ọdún. Ní 1614, wọ́n dá Oñate fúnra rẹ̀ lẹ́bi ìwà ìkà ní Mẹ́síkò, wọ́n sì lé e kúrò ní New Mexico títí láé. Àwọn ará Acoma kò gbàgbé. Nígbà tí àjọ̀dún 400 ọdún tí Oñate kọ́kọ́ wọ New Mexico ń bọ̀ lọ́nà, àwọn kan lọ lóru, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ère idẹ rẹ̀ kan ní àríwá ìpínlẹ̀ náà.

Kò sí ìkankan nínú èyí lára El Morro. Ohun tí Oñate kọ síbẹ̀ kò ju pé òun kọjá. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí ènìyàn ka orúkọ lára àpáta bí ẹni ń ka orúkọ àwọn àlejò nínú ìwé òtẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ Sípéènì mìíràn tún kọjá ní 1620. Kò kọ orúkọ, ipò rẹ̀ ló kọ, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé Gómìnà Juan de Eulate ni. Ó ń ti Zuni bọ̀ ní oṣù keje. Ó gbẹ́ àkọsílẹ̀ gígùn kan láti fi yin ara rẹ̀: pé àwọn ará Zuni ló fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ òun fún àlàáfíà, pé òun fi àánú, ìtara àti òye dá wọn lóhùn, pé akọni jagunjagun tí a ó máa rántí lóun. Ó tún pe ara rẹ̀ ní ọmọlúàbí onígbàgbọ́. Ibẹ̀ ni ẹnì kan kò ti lè mú un mọ́ra. Ó fi nǹkan họ ọ̀rọ̀ tó dúró fún ọmọlúàbí náà, ó sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí i bí lẹ́tà ṣe tò lọ geerege, tó wá kan ibi tí wọ́n ti họ, tó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára àpáta yìí láti 1605, kò sí èyí tó wu òǹkọ̀wé yìí tó ìhọ́ kékeré yẹn. Àlàáfíà tí gómìnà náà ń fọ́nnu lé lórí kò sì tọ́jọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1632, wọ́n pa Àlùfáà Francisco Letrado ní Zuni. Ní oṣù kẹta, ṣọ́jà kan tó ń jẹ́ Lujan gbẹ́ ẹ sára El Morro pé àwọn ń lọ gbẹ̀san ikú rẹ̀.

Ẹnì kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, tí ọmọ Áfíríkà kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí. Esteban ni wọ́n ń pè é. Azemmour ní Mòrókò ló ti wá, ẹrú ni. Ó wà nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tí Pánfilo de Narváez kó lọ sí Florida ní 1528, tí ebi, ìjì àti ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán. Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ tó di Texas àti àríwá Mẹ́síkò lónìí já, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Sípéènì ní 1536. Lójú ọ̀nà, òun ló máa ń ṣáájú lọ bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ó mọ bí a ṣe ń bá àjèjì lò. Ní 1539, wọ́n tún ní kó máa ṣáájú Àlùfáà Marcos de Niza lọ sí ìhà Zuni. Àdéhùn wọn ni pé bí ohun tó bá rí bá mọ níwọ̀n, kó fi àgbélébùú tó tó àtẹ́lẹwọ́ ránṣẹ́. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jẹ́ ńlá. Láìpẹ́, oníṣẹ́ rẹ̀ dé tòun ti àgbélébùú tó ga tó ènìyàn. Esteban dé Hawikuh, ìlú Zuni kan, níbẹ̀ ni wọ́n sì pa á sí. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló gbà wọlé, kò dé ìdí El Morro. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó wá láti òdìkejì òkun, òun ni àwọn ará Zuni kọ́kọ́ rí. Ọmọ Áfíríkà tí wọ́n tà lẹ́rú ló ṣáájú Oñate dé ilẹ̀ Zuni ní nǹkan bí 60 ọdún.

Lẹ́yìn Lujan, ọ̀rọ̀ àárín Sípéènì àti àwọn onílẹ̀ gbóná sí i. Ní 1680, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìlú àwọn Pueblo, ìyẹn àwọn onílẹ̀ bíi ti Acoma àti Zuni, dìde pọ̀ sí Sípéènì. Po'pay, tó jẹ́ aṣáájú wọn, fi àrokò ránṣẹ́: ó kó okùn tí wọ́n ta ní kókó lé àwọn asáré lọ́wọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan a máa tú kókó kan lójúmọ́, ìgbà tí kókó bá tán ni ogun. Kò nílò ìwé, kò sì nílò ògiri òkúta. Sípéènì sá jáde ní New Mexico, ọdún 12 ni wọ́n lò kí wọ́n tó padà. Àwọn ará Zuni fi ìlú wọn nísàlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gun mẹ́sà Dowa Yalanne lọ, wọ́n ń gbé lórí rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ àti agbo ẹran wọn. Ibẹ̀ ni Diego de Vargas bá wọn ní 1692. Nígbà tó gba ìdí El Morro kọjá, ó gbẹ́ ẹ pé òun ṣẹ́gun gbogbo New Mexico fún ìgbàgbọ́ mímọ́ àti fún adé ọba, owó àpò òun fúnra òun sì ni òun ná. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ dì pọ̀, ó ń ké ọ̀rọ̀ kúrú, ó ń gbé lẹ́tà kékeré sórí lẹ́tà ńlá bí àṣà àwọn akọ̀wé ìgbà náà. Ó ní ọba lóun ṣe é fún, síbẹ̀ kò gbàgbé ọ̀rọ̀ owó rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rúndún kejìdínlógún, orúkọ Sípéènì dáwọ́ dúró, ti àwọn ará Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 àti 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1849, Lẹ́fútẹ́náǹtì James Simpson àti ayàwòrán Richard Kern lo ọjọ́ méjì nídìí àpáta náà, wọ́n ń da àkọsílẹ̀ kọ sínú ìwé. Àwọn náà gbẹ́ tiwọn. Lẹ́tà kan bọ́ lọ́wọ́ wọn nínú ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n kọ, wọ́n wá há a sí òkè pẹ̀lú àmì kékeré nísàlẹ̀ rẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe nínú ìwé rẹ̀. Òkúta kò ní írésà.

Ní 1857, ràkúnmí 25 ló kọjá. Ìjọba Amẹ́ríkà ló kó irú wọn wá láti Àríwá Áfíríkà àti ilẹ̀ Tọ́kì, láti dán an wò bóyá wọ́n á lè ru ẹrù la aṣálẹ̀ já. Edward Beale ló darí ìrìn àjò náà. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó àwọn ràkúnmí, P. Gilmer Breckinridge, kọ orúkọ rẹ̀ sára àpáta ní 1859 nígbà tó tún gba ibẹ̀. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà pa á lẹ́yìn náà. Kò jìnnà sí tirẹ̀ ni orúkọ E. Pen Long láti Baltimore wà, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́wà jù lọ nínú gbogbo wọn: lẹ́tà dọ́gba, etí mú, ọ̀ṣọ́ wà ní ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbẹ́ irú èyí kò kánjú. Ó ti mu omi yó, ó jókòó síbẹ̀.

Sallie Fox jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ dé ibẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1858, pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà. California ni wọ́n ń lọ. Nínú ẹgbẹ́ náà ni John Udell wà, tó kọ orúkọ rẹ̀ tó sì fi kún un pé ẹni ọdún 63 lòun. Ní ìparí oṣù kẹjọ, létí Odò Colorado, àwọn ará Mojave tí àwọn àlejò náà ya wọ ilẹ̀ wọn gbógun tì wọ́n. Ọfà wọ Sallie lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò kú. Àwọn tó kù padà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹsẹ̀ rìn, wọ́n sì gba ilẹ̀ gbígbẹ kan náà padà lọ sí Albuquerque. Sallie dé California nígbà tó yá. Awùsá òyìnbó tó ṣà lójú ọ̀nà, tí wọ́n gbìn sí oko ìbátan rẹ̀ ní Vacaville, di igi ńlá tí àwọn èrò ọ̀nà ń sinmi lábẹ́ rẹ̀, débi pé ìsọ̀ èso tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀ ní 1921 fi igi náà ṣe orúkọ.

Àwọn awọnlẹ̀ rélùwéè wá ní 1868, wọ́n kọ lẹ́tà ilé iṣẹ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n la irin ọkọ̀ nígbẹ̀yìn, ní nǹkan bí 1881, apá àríwá òkè Zuni ló gbà. Ọ̀nà omi di ọ̀nà àtijọ́. Àwọn tó ń wá sí El Morro lẹ́yìn ìgbà náà, òùngbẹ kọ́ ló ń gbé wọn wá.

Nígbà tí Ààrẹ Theodore Roosevelt fi òfin dáàbò bo El Morro ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1906, ó di èèwọ̀ láti kọ ohunkóhun sí i. Evon Vogt, tó di alábòójútó ibẹ̀ ní 1917, fi ọdún púpọ̀ jà fún àpáta náà. Wọ́n fi pẹ́ńsù líle tọ ojú àwọn lẹ́tà àtijọ́ kó lè hàn, wọ́n sì ra orúkọ tí wọ́n kọ lẹ́yìn 1906 rẹ́ kúrò. Ẹni tó bá wo ògiri náà nígbà tí oòrùn dagun sí i ní ẹ̀gbẹ́ yóò rí ibi dídán dídán tí wọ́n ti ra. Ìfẹ́ ló sún wọn ṣe é, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ lónìí kò jẹ́ dán an wò. Ní 2016, àwọn ọ̀dọ́ méjì gbẹ́ orúkọ síbẹ̀, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là fún wọn, nítorí kò rọrùn láti wo ojú ọgbẹ́ ara òkúta yanrìn láìtún dá òmíràn sí i.

Láti ibi àkọsílẹ̀, ọ̀nà yí sí ìhà àríwá, ó wọ abẹ́ àwọn páìnì gíga, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ní wọ́ńkọwọ̀nkọ. Gíga tí ènìyàn máa gùn kò ju ẹsẹ̀ bàtà igba àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ ti fi ohun tó lé ní 7,000 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ kí ènìyàn tó gbé ìṣísẹ̀ kan. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́. Ẹni tó wá láti etí òkun yóò mọ̀ lára, èémí rẹ̀ á máa kúrú. Lórí òkè, erùpẹ̀ tán, ó ku àpáta funfun. Wọ́n ti ha ìlà méjì sójú rẹ̀ láti fi ọ̀nà hàn, ní ibòmíràn wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn sínú òkúta. Ihò kéékèèké wà káàkiri tí òjò ń kún, ẹyẹ ìwò máa ń wá mu níbẹ̀. Àárín òkè náà ṣí sílẹ̀: àfonífojì kan wà nínú rẹ̀ tí ògiri yí ká ní ìhà mẹ́ta, òpó òkúta kan dá dúró láàárín rẹ̀, ìdí rẹ̀ kún fún igi. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ìkuukùu máa ń ṣú lẹ́yìn ọ̀sán. Kò sí ibi tí ènìyàn lè sá sí lójú àpáta náà, mànàmáná kò sì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ẹni tó gbọ́n á lọ láàárọ̀.

Ibẹ̀ ni Atsinna wà. Àwọn baba ńlá Zuni kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1275, nígbà tí ọ̀dá ń bọ̀ wá mú gbogbo ẹkùn náà. Òrùka inú igi ló fi hàn àwọn onímọ̀ pé láti 1276 di 1299, òjò wọ́n gidigidi. Ìlú náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún yàrá tí wọ́n fi òkúta àti amọ̀ mọ, tí wọ́n so mọ́ra yí àgbàlá kan po, níbòmíràn ó tó àjà méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ tó 1,000 sí 1,500. Àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé ni wọ́n ń gbìn sí pápá nísàlẹ̀, wọ́n á sì ru ìkórè gun òkè. Wọ́n ṣe ìkúdù sórí àpáta láti gba òjò, bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí adágún. Wọ́n ṣí kúrò ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, wọ́n sì lọ síhà Zuni, níbi tí àwọn ọmọ wọn wà títí di òní. Àwọn awalẹ̀pìtàn Richard àti Nathalie Woodbury hú ìwọ̀nba yàrá níbẹ̀ ní ọdún 1954 àti 1955. Yàrá ìsìn méjì wà nínú ohun tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ọ̀kan roboto, ọ̀kan onígun mẹ́rin. Ìyókù ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fúùfù àti òjò tí kò ní yé jẹ ògiri kò ríbi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn yàrá náà kéré. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀kan yóò rí i pé ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ló lè sùn níbẹ̀ láìfi ara gbún ara. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tò, wọ́n ṣa wọn kí wọ́n tó lè jókòó lórí ara wọn, wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ dí àlàfo. Ọwọ́ ẹni tó tò wọ́n ṣì hàn níbẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ yẹn jẹ́ àkọsílẹ̀ tó ju ti de Vargas lọ: ẹni tó kọ́lé fún àwọn ọmọ rẹ̀, tó ru omi gun ògiri lórí ihò tí kò ju ìka ẹsẹ̀ lọ, kò tún nílò láti kọ ọ́ pé òun gba ibẹ̀ kọjá. Kò kọjá. Ó ń gbé níbẹ̀.

Àwọn ará Zuni kò sì di ìtàn. Ìlú wọn wà ní nǹkan bí ìrìn wákàtí kan nínú mọ́tò sí ìwọ̀-oòrùn, èdè wọn kò sì bá èdè mìíràn kankan tan láyé. Ọ̀nà tí àwọn ìyá wọn ń gbà dá oko ẹ̀fọ́ fi hàn bí ọ̀rọ̀ omi ti jẹ wọ́n lógún tó: wọ́n máa ń mọ ẹbè kéékèèké onígun mẹ́rin, wọ́n á fi amọ̀ ṣe etí yí i ká, kí ẹ̀kán omi tí wọ́n fi ìkòkò rù wá látorí má baà ṣàn lọ. Àwọn obìnrin Zuni ṣì ń ru ìkòkò amọ̀ lórí láìfọwọ́ dì í mú níbi ijó wọn.

Òkúta yanrìn ń jẹ. Òjò ń gba ojú lẹ́tà kọjá, omi á dì nínú ìlà tí wọ́n gbẹ́, á wú, á sì bó òkúta. Àwọn onímọ̀ ń ya àwòrán àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wọn bó ṣe ń jìn tàbí bó ṣe ń parẹ́, wọ́n sì ń dán oríṣiríṣi ọ̀nà ìtọ́jú wò. Iṣẹ́ rere ni, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe é pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá dé tí orúkọ Oñate yóò fi parẹ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni da símẹ́ńtì bo àpáta náà nítorí rẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ orúkọ yẹn ṣáájú rẹ̀, àwọn onílẹ̀ ló gbẹ́ ẹ.

Bí ìmọ̀ràn bá wúlò fún ẹni tó fẹ́ lọ, kó yí ìrìn náà padà. Kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi àwọn orúkọ. Kó gba ẹ̀yìn, kó gun òkè tààrà nígbà tí oòrùn kò tíì le, kó gbé omi tó pọ̀ dání, kó kọ́kọ́ lọ wo àwọn yàrá Atsinna, kó wá rọra rìn yí etí àfonífojì náà ká, kó sì sọ̀ kalẹ̀ gba abẹ́ àwọn páìnì. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ibẹ̀ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ní tòótọ́: ilé ló ṣáájú, àlejò ló tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá dé ìdí ògiri, kó wá àgùntàn tí àwọn onílẹ̀ gbẹ́ rí kó tó wá gómìnà.